Ẹni Tó Ń Dáhùn Nídìí Fíúsì

Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́ kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ó ṣẹlẹ̀. Ilé náà ṣì wà lẹ́yìn Malu Road ní Apápá, ẹni tó bá ń kọjá lè fọwọ́ kan ògiri rẹ̀. Àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà wà láàyè, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó tíì yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà.

Ilé àtijọ́ ni. Bàbá Morádéún, tó fi gbogbo agbára rẹ̀ gbẹ́rù ní wáàfù, ló rà á lọ́wọ́ ẹni tó rà á lọ́wọ́ òyìnbó. Àjà ilé náà ga, ògiri rẹ̀ nípọn, wáyà inú ògiri sì dàgbà ju ìyá Morádéún lọ. Bàbá kú. Ìyá kù síbẹ̀. Àrùn rọpárọsẹ̀ mú un lápá kan àti lẹ́sẹ̀, kò lè rìn mọ́, àmọ́ ẹnu rẹ̀ kò rọ. Ó máa ń sọ pé ọjọ́ tí wọ́n bá gbé òun kúrò nílé ọkọ òun, òun kò ní mọ̀ pé wọ́n ń gbé òun.

Morádéún ń gbé Ajégúnlẹ̀, nínú yàrá kan ṣoṣo tó wà lókè àtẹ̀gùn tóóró. Aṣọ iṣẹ́ ló ń rán fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní wáàfù. Ojoojúmọ́ ló ń wá wo ìyá rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ kan ògiri. Ògiri náà gbóná. Kì í ṣe ti oòrùn, oòrùn kì í dé ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Ó gbóná bí iwájú orí ọmọ tí ibà ń ṣe. Ó gbé imú sún mọ́ ọn. Ó gbóòórùn rọ́bà tó ń jóná, fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́.

"Ìyá, láti ìgbà wo ni ògiri yìí ti ń gbóná?"

"Ó ti pẹ́. Ó ń lé òtútù fún mi."

Láti ọjọ́ náà, oorun Morádéún di ìlàjì. Bí ilé bá gbiná, ẹni tó lẹ́sẹ̀ á sá jáde. Ìyá rẹ̀ ńkọ́?

Oníṣẹ́ iná àkọ́kọ́ tó pè wá wé téèpù dúdú mọ́ ohunkóhun tí ojú rẹ̀ rí, ó ní ó parí. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ògiri tún ti gbóná. Èyí tó tẹ̀ lé e ń fi ìka kan ògiri kókókó, bí ẹni tó ń yan àgbọn lọ́jà, ó mi orí, ó ní kí wọ́n wó ilé náà, ó bá tiẹ̀ lọ. Rukevwe ló gbà á sílẹ̀. Ayálégbé ni, yàrá kan tó dá dúró lẹ́yìn ilé ló ń gbé, ọmọ Ùròbò tí Yorùbá rẹ̀ dá ṣáká ju ti ọ̀pọ̀ Yorùbá lọ. Ó ní àwọn tí Morádéún ń pè kì í ṣe oníṣẹ́ iná, oníṣẹ́ téèpù ni wọ́n. Ó júwe Mọ́rúfù fún un, ní Ajégúnlẹ̀ níbẹ̀.

Mọ́rúfù kì í ṣàwàdà. Òun àti Mansur ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Ọkùnrin àgbà ni Mansur, ohùn rẹ̀ ha. Bí o bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, o kò ní ṣì í mọ̀ láéláé.

Ìlànà kan ni Mọ́rúfù ń tẹ̀ lé. Kì í dá ṣiṣẹ́ nínú ilé àtijọ́. Mansur a dúró nídìí fíúsì níwájú ilé, òun a wà ní yàrá tí wáyà ti ń yọnu. Òun a ké pé, "Yọ ọ́." Mansur a yọ fíúsì, a dáhùn pé, "Mo ti yọ ọ́." Bí kò bá gbọ́ èsì, ọwọ́ rẹ̀ kò ní kan wáyà. Bó bá ṣe tán, a ké pé, "Dá a padà." Ó ṣàlàyé fún Morádéún pé tẹ́sítà, irinṣẹ́ tó ń tàn bí iná bá wà nínú wáyà, lè purọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó wà nídìí fíúsì kò gbọdọ̀ purọ́. Ẹ̀mí èèyàn ló wà lẹ́nu rẹ̀.

Ọ̀sán Sátidé ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Iná wà. Ojú ọ̀run ṣú. Lójú títì, tírélà ń fọn fèrè, ṣùgbọ́n ògiri ilé náà ń gbé ariwo mì. Bí o bá ti wọlé, ó dà bí ìgbà tí o ti orí rẹ bọ inú omi. Wọ́n ní kí ìyá bọ́ sí pálọ̀. Ó kọ̀. Ó ní kí wọ́n gbẹ́ ògiri wọn, kí wọ́n má sáà da eruku sọ́bẹ̀ òun.

Morádéún ló ń mú tọ́ọ̀ṣì fún Mọ́rúfù. Wọ́n ṣe pálọ̀. Wọ́n ṣe yàrá àlejò. Wọ́n bọ́ sí ilé ìdáná. "Yọ ọ́." "Mo ti yọ ọ́." "Dá a padà." "Mo ti dá a padà." Ohùn Mansur ń gba kọ́rídọ̀ bọ̀, híha rẹ̀ kò yẹ̀. Iṣẹ́ ń lọ. Mọ́rúfù tiẹ̀ sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé ara ọ̀rẹ́ òun yá lónìí. Morádéún náà ti kíyè sí i. Nígbà míì, èsì ń dé kí Mọ́rúfù tó ké tán.

Ọwọ́ Mọ́rúfù wà nínú ògiri ilé ìdáná, ó wọlé dé ọrùn ọwọ́, nígbà tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí.

Mansur ló wọlé. Òjò ti ń ta sí fìlà rẹ̀. Ìdì wáyà tuntun wà léjìká rẹ̀. Ó kí wọn kú iṣẹ́. Ó ní kí ọ̀gá má bínú, ṣọ́ọ̀bù tí òun kọ́kọ́ dé ní Malu Road kò ní irú wáyà tí iṣẹ́ náà ń fẹ́, òun ní láti rìn títí dé ìpẹ̀kun ọ̀nà. Ó ní òun ti rò pé wọ́n gbọ́ nígbà tí òun ń sọ pé òun ń jáde, nígbà tí wọ́n ṣì wà ní pálọ̀.

Rukevwe yọjú lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní òótọ́ ni, ó sọ fún òun kó tó lọ. "Ó ti pẹ́ now. Mo rò pé ẹ mọ̀."

Mọ́rúfù fa ọwọ́ rẹ̀ jáde nínú ògiri. Ó rọra fà á, bí ẹni tó ń yọ ọwọ́ lẹ́nu ajá.

Gbogbo wọn jọ lọ síwájú ilé. Kò sí ẹnikẹ́ni. Ilẹ̀kùn iwájú wà ní títì láti inú, Morádéún fúnra rẹ̀ ló fi irin dí i láàárọ̀. Fíúsì ilé ìdáná ti kúrò lójú ihò rẹ̀. Ó wà nílẹ̀, wọ́n gbé e kalẹ̀ dáadáa, wọn kò jù ú.

Mansur kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó rò pé wọ́n fẹ́ dẹ́rù ba òun ni. Nígbà tó wo ojú Mọ́rúfù, ẹ̀rín náà gbẹ.

Mọ́rúfù bẹ̀rẹ̀ sí í kó irinṣẹ́ rẹ̀. Morádéún dúró sí ẹnu ọ̀nà. Kò pariwo, kò sì yà kúrò.

"Bọ̀dá, ògiri ìyá mi nìkan ló kù. Òun gan-an ni mo ṣe pè yín."

"Àǹtí, ẹ gbọ́ ohun tí mo gbọ́."

"Mo gbọ́ ọ. Ìyá mi ò lè sá, Bọ̀dá."

Láti inú yàrá, ìyá dá sí i. Ó ní irú oníṣẹ́ wo nìyí, tí wọ́n rí ẹni bá wọn ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ tí wọ́n tún ń sá. Rukevwe fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rí i rín. Mọ́rúfù gbé àpò rẹ̀, ó wọ yàrá ìyá lọ.

Lọ́tẹ̀ yìí, Morádéún tẹ̀ lé Mansur dé ìdí fíúsì. Ó rí i bó ṣe dúró. Ó rí ọwọ́ rẹ̀ lórí fíúsì. Ó wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì, ó wá padà lọ mú tọ́ọ̀ṣì. Rukevwe jókòó ti ìyá. Mọ́rúfù ti la ògiri. Wáyà tó wà níbẹ̀ ti dúdú, aṣọ ara rẹ̀ ti re dànù bí awọ ejò.

"Yọ gbogbo ẹ̀."

"Mo ti yọ gbogbo ẹ̀." Ohùn Mansur ni.

Mọ́rúfù fi tẹ́sítà kan wáyà. Tẹ́sítà kò tàn. Ó na ọwọ́.

"Má fọwọ́ kàn án."

Ohùn Mansur kan náà. Ọ̀nà kan náà ló gbà wá. Ọwọ́ Mọ́rúfù dúró sínú afẹ́fẹ́.

"Mansur. Èwo ni kí n gbọ́?"

"Ọ̀gá, mo ní mo ti yọ ọ́."

"Má fọwọ́ kàn án."

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹsẹ̀ ló kù tí wọ́n ń gbọ́. Ẹsẹ̀ ń sáré bọ̀ nínú kọ́rídọ̀. Mansur já wọ yàrá. Ó ti ṣí fìlà, gbogbo fíúsì ilé wà nínú rẹ̀, ó gbá a mọ́ àyà. Ó ní ohùn òun ni òun gbọ́ létí ara òun, òun kò sì la ẹnu.

Níwájú ilé, nǹkan kan ṣe kẹ́rẹ́. Ó dákẹ́.

Morádéún kò mọ èyí tó ń tọ́ wọn sọ́nà nínú ohùn méjèèjì. Ó lè jẹ́ pé ẹni yẹn ń gba Mọ́rúfù là. Ó lè jẹ́ pé kò fẹ́ kí wọ́n tọ́jú wáyà náà ni. Ohun kan ṣoṣo ló mọ̀.

"Ẹ bá mi gbé ìyá mi."

Ìyá fi ọwọ́ rẹ̀ tó dá di irin bẹ́ẹ̀dì mú. Kò ṣàwàdà mọ́.

"Déún, ṣé ìwọ lo fẹ́ lé mi nílé ọkọ mi?"

"Mo fẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ láyé ni, Ìyá."

Morádéún fúnra rẹ̀ ló tú ìka ìyá rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kúrò lára irin. Ó ṣì ń rántí bí ìka náà ṣe le tó.

Wọn kò gba iwájú. Wọ́n gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, nínú òjò, títí dé yàrá Rukevwe. Bí wọ́n ṣe gbé ìyá kalẹ̀ ni nẹ́pà mú iná. Fíríìjì Rukevwe dákẹ́. Rédíò ilé kejì dákẹ́. Gbogbo àdúgbò rọ̀ wọ̀ọ̀. Òjò nìkan ló ń sọ̀rọ̀.

Ìgbà yẹn ni gílóòbù yàrá ìyá tàn.

Gbogbo wọn rí i lójú fèrèsé. Ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó tutù lójú. Fìlà Mansur wà lọ́wọ́ rẹ̀, fíúsì wà nínú fìlà. Gílóòbù náà kú. Ó tún tàn. Ó tún kú, bí ìgbà tí oníṣẹ́ bá ń dán iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wò kó tó lọ sílé.

Mọ́rúfù ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò kan ló ń ti iná padà wọ inú wáyà. Wọ́n tẹ́tí. Kò sí jẹnẹrétọ̀ kankan tó ń dún ní gbogbo àdúgbò.

Nígbà tó yá, àwọn òṣìṣẹ́ nẹ́pà wá gé wáyà ilé náà kúrò lórí òpó. Mọ́rúfù yọ pátákó fíúsì kúrò lára ògiri, ihò ìṣó ló kù. Iná kankan kò wọ ilé náà mọ́. Rukevwe kó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mansur ló pọn ìyá gun àtẹ̀gùn Ajégúnlẹ̀, ìyá ń bú u jẹ́jẹ́ ní gbogbo ọ̀nà. Láràárọ̀, ìbéèrè kan náà ló ń bi Morádéún: ṣé ògiri òun ti tutù? Ó ní bó bá ti tutù, kí wọ́n gbé òun lọ sílé, òun á máa lo àtùpà. Kò fi bẹ́ẹ̀ jẹun mọ́. Ojú rẹ̀ ti ń jìn wọnú.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan, Morádéún kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó gba Apápá lọ. Oòrùn mú ganrínganrín. Ó fi kọ́kọ́rọ́ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ó wọ yàrá ìyá rẹ̀. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri.

Ó tutù.

Ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e. Ó tutù bí ara ìkòkò omi. Morádéún rẹ́rìn-ín, òun nìkan. Ó ti ń ro ibi tí yóò gbé bẹ́ẹ̀dì sí, ó ti ń ro ẹni tí yóò bá a gbálẹ̀.

Láti iwájú ilé, ẹnìkan bi í léèrè.

"Ṣé kí n dá a padà?"

Kì í ṣe ohùn Mansur. Ohùn Morádéún ni. Bó ṣe ń fa ọ̀rọ̀ náà nìyẹn, bó ṣe ń gbé e sílẹ̀ nìyẹn. Ó fọwọ́ kan ọ̀fun ara rẹ̀. Ọ̀fun náà kò mì.

Ó wo kọ́rídọ̀ títí dé ibi tó ti ṣẹ́ kọ́nà. Lẹ́yìn kọ́nà yẹn, ihò ìṣó nìkan ló yẹ kó wà.

"Ṣé kí n dá a padà?"

Kò kánjú. Kò bínú. Ó ń dúró. Bí Morádéún bá ní rárá, ó ti dáhùn nìyẹn. Bí ó bá dákẹ́, kí ni ẹni yẹn yóò ka ìdákẹ́ sí? Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ń fẹ̀yìn rìn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ilẹ̀kùn. Bó ṣe ń ti kọ́kọ́rọ́ bọ ihò, ó tún gbọ́ ọ nínú ilé, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì parí.

Nígbà tó dé Ajégúnlẹ̀, ìyá rẹ̀ jókòó sójú fèrèsé, ó ń retí rẹ̀.

"Ògiri mi ńkọ́?"

Irọ́ kò yá dé ẹnu Morádéún.

"Ó ti tutù, Ìyá."

Ìyá fi ọwọ́ rẹ̀ tó dá fa apẹ̀rẹ̀ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká àwọn ìró rẹ̀ sí i láti padà sílé, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn. Ó ń kọrin sínú. Ó ti pẹ́ tó ti kọrin gbẹ̀yìn.

Morádéún dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó. Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.