Ihò Tó Wà Lábẹ́ Bẹ́ẹ̀dì Modúpẹ́

Aláǹtakùn ti bu Bọ̀dá Isaac jẹ lọ́wọ́ kí n tó rí i. Kò fa ọwọ́ yọ. Ó dúró bí ẹni tí nọ́ọ̀sì ń gún lábẹ́rẹ́, ó jẹ́ kó jẹ ẹ́ tán, ó wá rọra gbọ̀n ọ́n sínú agolo kẹrosíìnì. Mo ń wo ọwọ́ náà títí a fi ṣíwọ́. Kò wú, kò sì pọ́n.

"Ṣé kò dùn yín ni?"

"Ó ti rẹ̀ mí, Mojí," ló fi dá mi lóhùn. "Gbé ìgbálẹ̀."

Iṣẹ́ wa nìyẹn, láti Òkokomáíkò títí dé Àlàbà Ràgó: a máa ń bá àwọn èèyàn kó kòkòrò olóró kúrò nínú ilé. Mi ò kà á nínú ìwé. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo dúró sí tí mo fi mọ̀ ọ́n. Òun ló kọ́ mi pé aláǹtakùn pẹlẹbẹ tó máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri, tí ilé ẹyin rẹ̀ funfun bí owó sísì àtijọ́, kò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan, aáyán ló ń bá wa pa. Ẹlẹ́sẹ̀ gbọọrọ inú àjà náà, ẹ fi sílẹ̀. Èyí tó burú máa ń dorí kodò nínú òwú rẹ̀. Ikùn rẹ̀ á rí roboto, á máa dán bí ìlẹ̀kẹ̀, àmì pupa kan á sì wà nísàlẹ̀ ikùn náà bí ìgbà tí epo kán sí i. Òwú rẹ̀ rí wúruwùru, àmọ́ ó yi. Tí ìgbálẹ̀ bá ń já a, ẹ ó gbọ́ ọ, bí ẹni ń ya aṣọ gbígbó. Ẹyin rẹ̀ ní ẹ̀gún wínníwínní lára. Tẹ́ ẹ bá pa ìyá tẹ́ ò sun ẹyin, ẹ ò tíì ṣiṣẹ́.

Ohun tí kò kọ́ mi ni ìdí tí kì í fi gba iṣẹ́ ní Ìbà. Bí èèyàn bá ti lóun ti Ìbà wá, á ní kó máa lọ.

Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ náà kan ẹ̀gbọ́n mi. Ìbà ni Modúpẹ́ àti Stephen ọkọ rẹ̀ gba yàrá sí, nínú àwọn yàrá tí Màmá Májẹ́kódùnmí onílé àti ọkọ wọn kọ́ kún ẹ̀yìnkùlé nígbà tí yunifásítì dé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wá ilé. Ọmọ Modúpẹ́ kò tíì lè gbé ọrùn dúró nígbà tí aláǹtakùn bu ìyá rẹ̀ jẹ lójúgun. Ikùn rẹ̀ le bíi pákó, òógùn bò ó, ó ń ké bí ẹni tún ń rọbí. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ lọ́sibítù, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Dókítà kàn sọ fún un pé tó bá jẹ́ ọmọ yẹn ló bù jẹ ni, kò ní rí i gbé wá.

Mo lọ síbẹ̀. Mo gbálẹ̀, mo da kẹrosíìnì, mo sá gbogbo aṣọ, mo gbọn bàtà. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, òwú ti kún abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo tún un ṣe, ó tún kún. Inú ihò kan ni wọ́n ti ń jáde, níbi tí sìmẹ́ńtì ilẹ̀ ti là, ọwọ́ mi ò sì dé ibi tí wọ́n yé sí. Modúpẹ́ ń jókòó sùn, ọmọ lórí ẹsẹ̀. Wọn ò ríbi kó lọ.

Mo padà sọ́dọ̀ Bọ̀dá Isaac, mo kúnlẹ̀.

"Tí mo bá dé Ìbà, Mojí, mi ò ní lè bá ẹ ṣiṣẹ́ mọ́."

"Àbí ìyàwó ẹni ẹlẹ́ni lẹ gbà níbẹ̀?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó bi mí bóyá ọkùnrin ni ọmọ náà tàbí obìnrin. Mo ní obìnrin ni. Ó mí kanlẹ̀, ó gbé agolo rẹ̀.

Ọ̀sán gangan la débẹ̀. Òun ló ṣáájú, èmi ń tẹ̀ lé e, kò sì bi mí léèrè ọ̀nà. Modúpẹ́ gbé ọmọ bọ́ sábẹ́ igi máńgòrò, àwa méjèèjì sì wọ́ bẹ́ẹ̀dì kúrò. Bọ̀dá Isaac dọ̀bálẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ ihò náà dé ìgúnpá, ó tún tì í dé abíyá, ó wá fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lélẹ̀, ó di ojú. Yàrá náà ń rùn bí ilẹ̀ tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́.

Ẹ̀kúnwọ́ ẹyin ló ń kó jáde. Àwọn ìyá wọn ń rìn lórí apá rẹ̀ láìkánjú, ìkankan nínú wọn kò bù ú jẹ. Òwú tó bá wọn jáde kì í ṣe ti aláǹtakùn nìkan. Aṣọ funfun tó ti jẹrà wà nínú rẹ̀, fọ́nrán fọ́nrán.

"Aṣọ ta nìyí?" Ohùn mi ti lọ sílẹ̀.

"Sun ún pọ̀ mọ́ ẹyin yẹn."

Ó po sìmẹ́ńtì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ dí ihò náà, ó ń tẹ́ ẹ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń dáṣọ bo ọmọ tó sùn. "Kí ẹnikẹ́ni má tú u. Wọn ò ní jáde mọ́. Jẹ́ ká gba ẹ̀yìn lọ."

"Ẹ ó wọlé, ẹ ó jáde, ẹ ò ní kí onílé? Kí ni wọ́n á máa fi ojú ẹ̀gbọ́n mi rí?"

Modúpẹ́ gbọ́ wa látìta. "Bọ̀dá yìí, ṣé àwọn tó bí yín ò kọ́ yín nílé ni?"

Ó wò ó títí. "Wọ́n kọ́ mi," ó ní.

Màmá Májẹ́kódùnmí jókòó sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì. Bọ̀dá Isaac dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú wọn, ó dojú bolẹ̀.

"Ẹ kúuṣẹ́ o. Dìde, ọmọ mi." Kò dìde. "Ọmọ ta ni?"

Mo fẹ́ dáhùn, ṣùgbọ́n Màmá ti tẹ̀ síwájú, wọ́n gbé ọwọ́ lé e lórí. Ọwọ́ náà lọ, ó bọ̀, ó dúró ní ìpàkọ́ rẹ̀. Wọn ò pariwo.

"Isaac," wọ́n ní, bí ẹni ń pe ọmọ wọlé láti ibi eré. "Ṣé o ti jẹun?"

"Ẹ má bínú, Mà," ló sọ sí ilẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ kí n gbé agolo kalẹ̀. Nígbà tí mo fi máa gbójú sókè, ọwọ́ Màmá wà lófuurufú, ó ká roboto bí ìgbà tó ṣì wà lórí èèyàn. Ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣófo.

Màmá rọra gbé ọwọ́ náà padà sórí itan. Ohùn wọn kò gbọ̀n, ó kàn rẹ̀ wọ́n ni. "Àbíkẹ́yìn mi ni. Ọdún tí wọ́n ń la títì Bàdágìrì ni kòkòrò bù ú jẹ. Wọ́n fi sùtánà funfun rẹ̀ wọ̀ ọ́, àwọn àbúrò bàbá rẹ̀ gbé e gba ẹ̀yìn jáde. Ìyá kì í mojú oórì ọmọ, mi ò bèèrè. Bàbá rẹ̀ náà ò bèèrè. Àwọn tó mọ̀ ti kú tán."

Wọ́n yíjú sí ibi tí mo dúró sí.

"Níbo ló ti kó àwọn aláǹtakùn yẹn jáde?"

Modúpẹ́ ti dé ẹnu ọ̀nà, ọmọ láyà rẹ̀. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ń wò mí, ó ń mi orí díẹ̀díẹ̀.

"Lára ògiri ni, Mà," mo ní.

"Ó dáa." Wọn ò bi mí ògiri wo.

A padà sí yàrá náà. Sìmẹ́ńtì ọ̀hún ti gbẹ, ó le bíi pé ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́. A wọ́ bẹ́ẹ̀dì padà sórí rẹ̀ nítorí kò síbòmíràn tó gbà á. Stephen á dé láìpẹ́, ó yẹ kí ẹnìkan sun ẹyin, ó yẹ kí ẹnìkan gbé oúnjẹ kaná. A bọ́ síta. Kí Modúpẹ́ tó tún gbé ọmọ wọlé, ó bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Mo bọ́ tèmi náà.