Ahọ́n Mujeebat Kò Jẹ̀bi

Ní àárọ̀ ọjọ́ ọjà ní Ìwéré-Ilé, nígbà tí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ń di gaàrí sínú àpò, omi ni Àwáwù ń gbé kaná. Olóòlà ló ń retí. 

Mujeebat ọmọ rẹ̀ ti pé ọmọ ọdún mẹ́fà, kò sì tíì fẹnu pe ìyá rẹ̀ rí. Ẹ pè é láti ẹ̀yìn, kò ní yíjú. Àfi kí ẹ fọwọ́ kàn án léjìká. Ọmọ náà gbọ́n, ó yára, ó tún lẹ́rìn-ín lẹ́nu. Ṣùgbọ́n àwọn ará ilé ti pinnu pé ahọ́n rẹ̀ ló so.

“Iṣan abẹ́ ahọ́n rẹ̀ ló di ọ̀rọ̀ mú,” ni Bàbá Ọdẹmúyìwá wí. Bàbá ọkọ Àwáwù ni, ògbólógbòó ọdẹ. “Tí olóòlà bá ti gé e, ọ̀rọ̀ á tú jáde.”

Kàdírì, ọkọ Àwáwù, wà ní Ìgbẹ́tì níbi tó ti ń fọ́ òkúta mábù. Òun ní ohun tí bàbá òun bá sọ ni kí wọ́n ṣe.

Ẹ gbọ́ ná, ìyàwó ilé wo ló máa bá bàbá ọkọ jiyàn? Àwáwù rọra yọ gba ẹ̀yìnkùlé, ó sunkún dé ọ̀dọ̀ obìnrin aládùúgbò rẹ̀ kan. Obìnrin náà ò bá a sunkún ní tirẹ̀. Fóònù ló gbé.

Olóòlà ti dé, ó ti ń pọ́n abẹ, kí alùpùpù kan tó já wọ ojúde. Eruku pupa ti bo ẹni tó gùn ún látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Fadá Àríyọ̀ ni, ẹni tí aládùúgbò náà pè lórí fóònù, àlùfáà ìjọ Àgùdà láti Otu, tí àwọn èèyàn ń pè ní Fadá àwọn adití. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá.

Bàbá wò ó tìfura-tìfura. “Fadá, Mùsùlùmí lọmọ yìí o. Tó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì lẹ fẹ́ mú un lọ, ẹ tètè máa padà.”

“Bàbá, tìtorí etí rẹ̀ ni mo ṣe wá, kì í ṣe tìtorí ẹ̀sìn rẹ̀. Àwọn ọmọ Mùsùlùmí pọ̀ nílé ìwé àwọn adití wa ní Ìsẹ́yìn. Wọ́n ń kírun wọn, wọ́n sì ń gbààwẹ̀ wọn.”

Mujeebat jókòó, ó ń bó ẹ̀gẹ́. Fadá bọ́ sẹ́yìn rẹ̀, ó fi ṣíbí lu ìdérí ìkòkò, gbàù! Ewúrẹ́ fò sókè, olóòlà fẹ́rẹ̀ẹ́ fi abẹ gé ara rẹ̀ lọ́wọ́. Mujeebat ń bó ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lọ.

“Ẹ rí i bí? Ọmọ tí ò gbọ́ ọ̀rọ̀ rí, níbo ló ti fẹ́ kọ́ ọ sọ? Ahọ́n rẹ̀ ò jẹ̀bi.”

“Láti ayébáyé la ti ń gé e,” Bàbá dáhùn.

Ojú Fadá yí padà. “Bàbá, ọdẹ ni bàbá tó bí èmi náà, ní Ìgbẹ́tì. Àbúrò mi obìnrin, Dúróríkẹ́, kì í gbọ́ràn. Wọ́n gé iṣan abẹ́ ahọ́n rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ò dá. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti kú. Nígbà tí mo di àlùfáà, mo lọ jókòó ti àwọn adití kí wọ́n kọ́ mi ní èdè ọwọ́ wọn. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín títí ó fi mọ́ mi lára. Iṣẹ́ tí mo yàn láàyò nìyẹn, òun ni mo sì máa ṣe kú.”

Àwáwù fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra.

Bàbá mi orí. “Ẹ pẹ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọwọ́, ta ló máa gbọ́ ọ?”

“Bàbá, tẹ́ ẹ bá rí ìgalà nínú igbó, tí ẹnìkejì yín wà lọ́ọ̀ọ́kán, ṣé ẹ máa ń pariwo pè é ni?”

“Kí ẹran lè sá lọ? Ọwọ́ la fi ń bára wa sọ̀rọ̀.” Bàbá na ìka méjì sókè lórí bí ìwo, ó wá tẹ àtẹ́lẹwọ́ wálẹ̀ jẹ́jẹ́: ìgalà rèé, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Mujeebat ti ń wò ó. Ó ju ọ̀bẹ sílẹ̀, ó na ìka méjì sórí tirẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wọ̀ọ̀.

 Bàbá tún gbé ọwọ́ sókè: dìde. Mujeebat dìde, ó bú sẹ́rìn-ín.

“Ó gbọ́ mi,” Bàbá wí. “Látọjọ́ tí wọ́n ti bí i, òní lèmi àtọmọ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀. Olóòlà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá abẹ yín padà sápò.”

Inú Àwáwù dùn, kò mọ èyí tí ì bá ṣe. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, Fadá bá wọn dé ọsibítù ní Ṣakí. Dókítà yẹ etí Mujeebat wò, ó ní etí rẹ̀ ni kò gbọ́ràn, ahọ́n rẹ̀ ò ní àbùkù kankan. Bó ṣe wọ ilé ìwé ní Ìsẹ́yìn nìyẹn. Àwáwù náà sì ń kọ́ èdè ọwọ́ lọ́dọ̀ Fadá, Bàbá ò sì jẹ́ kó dá nìkan lọ.

Nígbà tí wọ́n gba họlidé, Mujeebat bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ó la ìka rẹ̀ márààrún, ó fi àtàǹpàkò kan àgbọ̀n rẹ̀. “Ìyá” ló pè. Àwáwù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín èrò, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún.

Ẹ̀yin òbí, ẹ fetí sí wa. Tí ọmọ yín ò bá ta gìrì sí ariwo, tàbí tó pé ọdún kan àbọ̀ tí kò tíì pe ẹnikẹ́ni, ẹ má dúró wòran. Ẹ gbé e lọ sọ́sibítù kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé abẹ́ ahọ́n rẹ̀ nílé, ẹ má sì da epo, kẹrosíìnì tàbí àgbo sí i létí. Ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un pé, torí èèyi máa ń ba etí ọmọdé jẹ́. Tó bá sì jẹ́ pé kò gbọ́ràn lóòótọ́, ilé ìwé àwọn adití ni kẹ́ ẹ mú un lọ, ẹ má fi í pamọ́ sílé. Kí ẹ̀yin náà kọ́ èdè rẹ̀, torí ọ̀dọ̀ yín ló máa ń padà sí. Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ọmọ yẹn, ẹ̀yin ló sì fẹ́ sọ ọ́ fún.