Itọ́ Najla

"Ya ẹnu, kí o fi òwú yìí ha inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ dáadáa," ni obìnrin aláyẹ̀wò wí fún Rabab, ó sì kọjú sí ìyá rẹ̀ láti gba itọ́ tirẹ̀.

Àgbàrá tó ya wọ ìlú Derna ní Libya ló gbé bàbá Rabab lọ. Láti ìgbà náà, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún yìí kò sunkún. Ó ń jẹun, ó ń fọ abọ́, ara rẹ̀ kú tipiri. Ọ̀pọ̀ òkú ni wọ́n ti sin láìmọ orúkọ wọn. Wọ́n wá ń fi DNA, ìyẹn àmì ìran inú ara, tó wà nínú egungun wọn wé ti àwọn ẹbí, nítorí pé ìdajì DNA ọmọ, ti ìyá ni. Ìdajì yòókù, ti bàbá.

Rabab kò fẹ́ kí wọ́n rí bàbá òun láàárín òkú. Ó na òwú náà sí Najla, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó sìn wọ́n wá.

"Bá mi fi sẹ́nu."

"Ṣé orí ẹ pé báyìí?"

"Jọ̀ọ́, ṣe kíá!"

Najla ṣe é.

Nígbà tí èsì dé, Miftah, ẹ̀gbọ́n bàbá Rabab, bá wọn lọ gbọ́ ọ. Obìnrin aláyẹ̀wò rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀: "Èsì yìí ò bára mu. Ó ní ìyá yìí kọ́ ló bí ọmọ yìí."

Miftah wo ìyá Rabab bí ẹni wo olè. "Ìyàwó, ọmọ ta lo gbé wọlé fún àbúrò mi?"

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé kì í ṣe ojú yín ni mo ṣe lóyún ẹ̀ ni?"

"Ohun tí ẹ̀rọ rí ju ohun tí ojú mi rí lọ."

Ìyá rẹ̀ bú sẹ́kún. Rabab ń wò ó.

"Itọ́ Najla ni," ló wí. "Mi ò fẹ́ kí Bàbá kú."

Ìyá rẹ̀ gbá a létí, ó sì tún fà á mọ́ra. Rabab kò mọ èyí tó dùn ún jù nínú méjèèjì.

Ó fún wọn ní itọ́ tirẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí èsì tuntun dé, wọ́n rí bàbá rẹ̀ nínú àwọn tí wọ́n ti sin sórí òkè. Miftah tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n ìyá Rabab kò jẹun nílé rẹ̀ mọ́.

Níbi sàréè, omijé kò jáde lójú Rabab. Ṣùgbọ́n ó ti yé e pé irọ́ òun kò dá ẹ̀mí bàbá òun sí. Ìyá òun tó ṣì wà láyé ni irọ́ náà kó ìtìjú bá. Ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú, wọ́n sì jọ ṣàdúrà fún òkú.