Báàsì Tó Ń Rù

Ìdí àpótí náà ló kọ́kọ́ já. Lẹ́yìn náà ni òórùn dé.

Iwájú àwọn ààfáà gan-an ló já sí. Wòlímọ̀ ni wọ́n ń ṣe ní ìlú Awo. Àwọn ọmọ tó parí Kùránì jókòó sórí ẹní nínú aṣọ funfun, àwọn ìyá wọn ń yà wọ́n ní fọ́tò. Okùnrin mẹ́rin ń gbé àpótí báàsì kọjá láàárín èrò, Àlájì Salman onísípíkà ń rìn níwájú wọn bí ẹni tó ń mú ọba wọ̀lú. Ni pákó ìsàlẹ̀ bá ṣe gbàà. Nǹkan dúdú kan dà wàì sórí ẹní. Ìgbẹ́ adìẹ ni. Ó ti pò mọ́ èérún pákó, ó ti dì, ìdin sì ti gbé inú rẹ̀ di eṣinṣin, ó ti fò lọ.

Kò sí sípíkà kankan nínú àpótí náà.

Ìsípẹ́kítọ̀ Àwáwù wà níbẹ̀. Iṣẹ́ ọlọ́pàá kọ́ ló bá wá. Ọmọ àbúrò rẹ̀ wà lára àwọn tó ń ka Kùránì. Ìgbẹ́ náà ta sí i ní bàtà. Ó ti rí òkú rí, ó ti rí ẹ̀jẹ̀ rí, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó kó o nírìíra tó báyìí.

Kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ọ̀rọ̀, Salman ti di Roqeeb, ọmọkùnrin tó ń wa ọkọ̀ ẹrù rẹ̀, lọ́rùn mú, ó sì fọ́ ọ létí níṣojú gbogbo èèyàn.

"Olè ni. Òun ló wà pẹ̀lú ẹrù láti Ẹdẹ. Ó ti yọ ọkàn báàsì mi tà."

Ọkàn ni àwọn onísípíkà ń pe irin roboto olóòfà tó máa ń dún nínú àpótí. Òun ni báàsì gan-an. Pákó lásán ni ìyókù.

Ní Ẹdẹ, ta ni kò mọ Salman? "Ìmìtìtì" ni wọ́n kọ sára ọkọ̀ rẹ̀, òun ni wọ́n rán sára fìlà rẹ̀, òun náà ló wà lẹ́yìn ẹ̀wù àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Bí àwọn onísípíkà yòókù ṣe ń fi ohùn polówó, ìwúwo ni Salman fi ń polówó tirẹ̀. Okùnrin mẹ́rin ló ń gbé ọ̀kan, ó máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó béèrè àti ẹni tí kò béèrè. Ó ti kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pé bí wọ́n bá ti dé ojú èrò, kí wọ́n máa mí hẹlẹhẹlẹ, kí wọ́n sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láàárín agbo, kí àwọn èèyàn lè ráyè ka iye orí tó wà nídìí rẹ̀.

Báàsì ńlá méjì ló ní. Wọ́n ń pe èyí tó tóbi jù ní Ìyálé, wọ́n ń pe èkejì ní Ìyàwó. Àwọn ọmọ iṣẹ́ kì í fojú di Ìyálé. Bí wọ́n bá gbé e, wọn kì í ní "ó ń bọ̀." "Ẹ yà fún wọn," ni wọ́n máa ń wí, "wọ́n ń bọ̀." Àfi bí ẹni ń sin ìyá arúgbó relé.

Ìyálé ló já yìí. Ìyàwó ṣì wà nínú ọkọ̀, wọn ò tíì fọwọ́ kàn án. Àwáwù ní kí wọ́n ti ọkọ̀ náà pa bẹ́ẹ̀, kí wọ́n wà á lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá ní Ẹdẹ, kí wọ́n sì mú Roqeeb náà dání.

Nígbà tí Salman yóò fi dé àgọ́, ó ti pààrọ̀ aṣọ, ó ti da lọ́fínńdà sára. Lọ́fínńdà náà àti ìgbẹ́ tó wà lára bàtà Àwáwù wá ń jìjàkadì nínú ọ́fíìsì kékeré yẹn. Àwáwù ṣí fèrèsé.

"Ẹ sọ bó ṣe jẹ́, Àlájì."

"Ìsípẹ́kítọ̀, èmi ni mo ra Ìyálé. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kùn ún. Láàárọ̀ yìí, mo tàn án ní ṣọ́ọ̀bù, ó dún débi pé ife já bọ́ lórí tábìlì. Lẹ́yìn ìyẹn, Roqeeb nìkan ló kù pẹ̀lú ẹrù. Ó yà síbì kan lójú ọ̀nà, ó yọ ọkàn, ó sì rọ ìgbẹ́ sí inú wọn kí wọ́n má baà fúyẹ́."

"Inú wọn?"

Salman ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì. "Inú Ìyálé. A máa ń bọ̀wọ̀ fún wọn."

Àwáwù rọra mi orí. Ó ti rí oríṣiríṣi ìgbéraga nínú iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n kò tíì rí olówó tó ń pe pákó tó fowó ara rẹ̀ rà ní wọ́n.

Ẹnu Roqeeb ti wú nínú àtìmọ́lé. Ó ní òun kò yà síbì kankan ju ilé epo lọ, ojú àwọn ọmọ iṣẹ́ yòókù ló sì ṣe. Àwáwù bi í bóyá òun náà máa ń bọ̀wọ̀ fún àpótí. Ojú tì í díẹ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo àwọn tó ń gbé e ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, bíi yẹ̀yẹ́ ló ṣe bẹ̀rẹ̀.

"Àlájì náà ńkọ́?"

"Rárá o, mà. Ẹni tó ni nǹkan kọ́ ló ń kúnlẹ̀ fún un."

Lẹ́yìn náà ló sọ ohun kan tí kò mọ̀ pé ó ṣe pàtàkì. Kí Iléyá tó dé, Ìyálé wúwo débi pé ẹ̀yìn ń dùn wọ́n bí wọ́n bá gbé e. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, bí wọ́n ṣe ń jáde òde lọ ló ń fúyẹ́ sí i.

"Mo sọ fún ọ̀gá, mà. Mo ní Ìyálé ń rù. Wọ́n ní kí n panu mọ́, pé agbára mi ló ń pọ̀ sí i."

"Òórùn náà ńkọ́?"

"Ó ti pẹ́. A rò pé eku ló kú sínú ọkọ̀. A fọ ọkọ̀ títí ó fi sú wa."

Lórí bẹ́ǹṣì ìta, bàbá kan jókòó tó kó ọwọ́ méjèèjì lé orí ọ̀pá. Àtàndá ni, bàbá Fawziyah tí Roqeeb fẹ́ fẹ́. Ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni yìgì wọn. Bàbá náà kò bẹ̀bẹ̀, kò sì bínú.

"Bó bá jalè, ẹ tì í mọ́lé. Mi ò ní bẹ̀ yín. Ṣùgbọ́n níṣojú èrò ni wọ́n ti pè é lólè, agbo ilé wa kì í sì í fọmọ fún olè. Bí ọjọ́ Jímọ̀ bá bá orúkọ yẹn lára rẹ̀, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn."

Àwáwù lọ bá Tóbilọ́ba ní ṣọ́ọ̀bù. Òun ló ń yí bọ́tìnnì ohùn fún Salman. Ó jáde ní pólì, ó sì máa ń fi ohun ìgbọ́rọ̀ etí kọ́ ọrùn bí ẹni tó so táì, títí kan ìgbà tó bá lọ ra búrẹ́dì. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ti sọ fún Àwáwù pé wọ́n rí i ní Òṣogbo tó ń ná ọkàn báàsì.

Kò jiyàn. Ó ní òun fẹ́ dá dúró, Ọlọ́run ò ní kí òun máa yí bọ́tìnnì ẹlòmíràn títí ayé. Rírà lòun fẹ́ rà, kì í ṣe títà.

"Ta ló ń so wáyà báàsì?"

"Àlájì fúnra wọn. Láti ìgbà Iléyá, wọn kì í jẹ́ ká súnmọ́ ọn. Wọ́n ní ọwọ́ ẹni tó ni ín ló yẹ ẹ́."

"Láti ìgbà náà, ṣé báàsì yẹn ń dún?"

Tóbilọ́ba fọwọ́ kan ohun ìgbọ́rọ̀ rẹ̀. Ó wo ilẹ̀.

"N kò gbọ́ ọ, mà. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ń di àyà mú. Wọ́n ń sọ pé ilẹ̀ ń mì. Mo ní bóyá etí tèmi ló ti kú. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ohùn, tí kò gbọ́ báàsì, ta ni yóò tún gbé iṣẹ́ fún un? Èmi náà bá ń wí pé ó gbóná."

Àwáwù dúró, ó ń wò ó. Gbogbo ìgbà yẹn, kìkì sípíkà kékeré ló ń dún. Ìlú rí àpótí ńlá, wọ́n rí okùnrin mẹ́rin tó ń làágùn, ẹsẹ̀ wọn sì gbọ́ ohun tí etí wọn kò gbọ́. Wọ́n ti jó, wọ́n ti náwó, wọ́n ti gbóríyìn fún ìgbẹ́ adìẹ. Itọ́ kún un lẹ́nu. Ó jáde lọ tu ú.

Ó gba ilé Salman kọjá. Íńtálọ́ọ̀kì ni wọ́n tẹ́ láti ẹnu géètì dé ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn. Salman fúnra rẹ̀ ló mú un yíká, ó ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀: koríko kan ṣoṣo kò lè hù níbí, ó ní, ilé àgbẹ̀ ni koríko wà.

Láti ibẹ̀, Àwáwù gba ìlú Ara lọ. Ibẹ̀ ni Zulfah, ìyàwó kejì Salman, ń gbé, tó ń sin adìẹ. Èérún pákó ló tẹ́ sábẹ́ àwọn adìẹ náà, ọ̀kan náà pẹ̀lú èyí tó dà sílẹ̀ ní Awo. Zulfah kò fi nǹkan pa mọ́. Àwọn àgbẹ̀ ló ń wá kó ìgbẹ́ náà. Kò rí Roqeeb níbẹ̀ rí, kò rí Tóbilọ́ba.

"Ọkọ yín ńkọ́?"

Zulfah rẹ́rìn-ín. "Àlájì? Wọ́n ní òórùn adìẹ ń lẹ̀ mọ́ aṣọ. Àfi ẹ̀ẹ̀kan, kí Iléyá tó dé. Wọ́n fi aṣọ di imú, wọ́n fọwọ́ ara wọn kó o, tútù rẹ̀ ni wọ́n ní àwọn fẹ́. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fi sídìí òdòdó iwájú ilé."

"Ṣé ẹ ti rí òdòdó náà?"

"Èmi kì í dé ilé ìyálé mi, mà. Àlàáfíà ni mo fẹ́."

Nígbà tí Àwáwù padà sí àgọ́, ó ní kí wọ́n gbé Ìyàwó wọlé. Ó pe Salman, ó mú Roqeeb jáde, ó ránṣẹ́ pe Tóbilọ́ba. Tóbilọ́ba ló tú ojú àpótí náà. Òórùn sọ gbogbo wọn dẹ́yìn. Ìgbẹ́ kan náà ni, gbígbẹ, èèpo ìdin òfìfo ló kún ojú rẹ̀. Àwáwù fi bírò ti pákó ìsàlẹ̀. Bírò náà wọlé bí ẹni ti àkàrà.

"Àlájì, ẹ ti sọ fún mi pé wọ́n rọ ìgbẹ́ sí inú wọn. Nígbà yẹn, ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí èyí. Ẹ ní ọ̀wọ̀ lẹ fi ń pe Ìyálé ní wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ ní ẹ rà á, ẹ kùn ún, ẹ tàn án, ó dún. Ẹ kò bọ̀wọ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan. Àpótí méjì ni 'wọn' tó jáde lẹ́nu yín, ẹni tó rọ ọ́ sí méjèèjì nìkan ló sì lè mọ̀."

Salman ní ahọ́n ló yọ̀.

"Pákó náà ńkọ́? Pákó kì í jẹrà láàárín Ẹdẹ sí Awo. Ìdin kì í di eṣinṣin lọ́sàn-án kan. Ìgbẹ́ tútù lẹ kó ní Ara, òun ló ń gbẹ tí Ìyálé fi ń rù. Ẹ gba wáyà lọ́wọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ kí wọ́n má baà rí i pé kò so mọ́ nǹkan kan. Òdòdó wo ló ń hù lórí íńtálọ́ọ̀kì?"

Salman wá àga, ó jókòó. Lọ́fínńdà rẹ̀ ti kú.

Ó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kéré. Kí Iléyá tó dé, òun àti onísípíkà kan láti ìlú míì pàdé lóde kan. Onítọ̀hún tan tirẹ̀ sókè, òun náà tan tòun sókè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkàn méjèèjì jóná. Wọ́n wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì òun títí di ìsinsìnyí. Bí òun bá ra òmíràn ní Òṣogbo, àwọn tó ń tà á kò ní panu mọ́. Bí òun bá sì gbé àpótí òfìfo jáde, ọmọdé méjì ni yóò gbé e, àwọn èèyàn á sì rẹ́rìn-ín. Iyanrìn ń dún ṣàà bí ọkọ̀ bá ń lọ, òkúta ń kọlu pákó. Ìgbẹ́ adìẹ kì í sọ̀rọ̀.

"Ọmọ yìí ńkọ́?" Àwáwù nawọ́ sí Roqeeb. "Kí ló ṣe yín?"

"Èrò ń wò mí," ni Salman wí. "Òun ló wà nítòsí."

Roqeeb fọwọ́ kan ẹnu rẹ̀ tó wú. Ó yíjú kúrò lọ́dọ̀ Salman, bí ẹni tó tẹ nǹkan lójú ọ̀nà.

Àwáwù ní kí wọ́n mú Salman lọ kọ ohun tó sọ sílẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀sùn irọ́ tó pa fún ọlọ́pàá àti ìyà tó fi jẹ ọmọ ọlọ́mọ. Salman fà á lápá ẹ̀wù.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìsípẹ́kítọ̀. Ẹ kọ ọ́ pé èmi ni mo jí i. Mo gbà, ẹ pè mí lólè. Ẹ má ṣáà kọ ọ́ pé ó jó."

Àwáwù yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára ẹ̀wù náà pẹ̀lú ìka méjì. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ jáde ná. Ó mú un lọ síwájú bẹ́ǹṣì tí Àtàndá jókòó sí, Roqeeb ń bọ̀ lẹ́yìn. Àwọn tó wá béèrè ọ̀rọ̀ ní àgọ́ ti pọ̀ níta.

Salman ní olè kọ́ ni ọmọ náà. Ó fẹ́ yí padà.

"Nígbà tí kì í ṣe olè," ni Àtàndá béèrè, "kí ló wá ṣe báàsì yín?"

Salman wo àwọn èrò, ó tún wo bàbá náà. 

"Ó jó," ó wí sínú irùngbọ̀n rẹ̀.

Bàbá náà fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ dìde, ó fọwọ́ sí etí.

"Ẹ gbé ohùn sókè díẹ̀, Àlájì. Àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́."