Bóyá Omi Á Wọlé

Inú odò ló ti kọ́kọ́ rí i. Omi dé orúnkún obìnrin náà, ó ti ká yẹ̀rì ẹ̀ sókè mọ́ ìbàdí, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ọ̀pá gígùn kan tí wọ́n rì mọ́ ìsàlẹ̀ odò, ó sì ń bá ọ̀pá náà wí bí ẹni tó ń wẹ ọmọ tó lóríkunkun.

"Dúró jẹ́jẹ́! Ẹrẹ̀ ti bò ẹ́ látòkè délẹ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ka nọ́ńbà ara ẹ?"

Ọmọ oníbúrẹ́dì ni ọkùnrin tó ń wò ó láti orí afárá. Láràárọ̀ ló máa ń gbé àpótí búrẹ́dì sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, táá máa yí àdúgbò ká, táá máa pariwo pé, "Ó gbóná fẹlifẹli o!" Ó pariwo ẹ̀ títí àwọn èèyàn fi gbàgbé orúkọ tí bàbá ẹ̀ sọ ọ́, wọ́n kàn ń pè é ní Fẹlifẹli. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, kò pariwo kankan. Ó fẹsẹ̀ kan tilẹ̀, ó lanu sílẹ̀, búrẹ́dì ń tutù lẹ́yìn ẹ̀.

"Àǹtí, ṣé ọ̀pá yẹn máa ń dá yín lóhùn ni?"

Obìnrin náà ò tiẹ̀ gbójú sókè. "Ó sàn ju àwọn ọkùnrin kan lọ. Ó kéré tán, kì í purọ́."

"Háà! Ta ló purọ́ fún yín? Ẹ fi í hàn mí, kí n lọ fi búrẹ́dì àná sọ ọ́ lórí."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu obìnrin náà kó tó mọ̀. Ó wá gbójú sókè. Ẹ jẹ́ n sọ òtítọ́ fún un yín, Fẹlifẹli kì í ṣe ẹni tó rẹwà tó bẹ́ẹ̀, fúláwà wà ní etí ẹ̀ kan. Àmọ́ ojú ẹ̀ mọ́, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí inú ẹ̀ dùn tọkàntọkàn. Obìnrin náà jáde nínú omi, ó gba búrẹ́dì kan lọ́wọ́ ẹ̀, ó sì jẹ ẹ́ lórí ìdúró.

Wọ́n ní omi téèyàn máa mu kì í ṣàn kọjá ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ mu ún náà gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn lọ, Fẹlifẹli ò gba ọ̀nà míì mọ́ àfi orí afárá.

Ọ́fíìsì odò lobìnrin náà ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń wọn bí odò ṣe ga tó àti bí òjò ṣe rọ̀ tó. Bó bá rí i pé omi fẹ́ kún àkúnya, òun náà ló ń kìlọ̀ fáwọn tó ń gbé létí odò. Kò sì sí bí wọ́n ṣe máa bi í ní ìbéèrè tí kò ní fi "bóyá" sí ìdáhùn ẹ̀. Bóyá ni gbogbo èèyàn ń pè é.

"Ṣé òjò máa rọ̀ lónìí?"

"Bóyá."

"Ṣé o máa jẹ́ ká jọ rìn jáde lọ́jọ́ Sátidé?"

"Bóyá."

"Èwo ni bóyá? Irú bóyá wo nìyẹn?"

"Bóyá tó ti ń wá bàtà tó máa wọ̀."

Wọ́n jọ rìn jáde. Wọ́n rìn jáde lọ́sẹ̀ kejì, àti lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n jókòó sórí òkúta létí odò, Fẹlifẹli wá bi í léèrè ohun tó ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn.

"Adúmáadán mi, kí ló dé tí o kì í kàn sọ pé ó máa rí báyìí, kó sì tán?"

Bóyá nawọ́ sí odò náà. "Àwọn bàbá wa mọ odò yìí bí ẹní mowó. Wọ́n mọ oṣù tó máa kún, wọ́n mọ oṣù tó máa fà. Ní báyìí ayé ti ń gbóná, òjò ń ṣe bó ṣe wù ú, ohun tójú ò rí rí lojú ń rí. Ọgbọ́n ọdún yìí ni wèrè ẹ̀mí-ì-ín. Mo mọ ibi tọ́rọ̀ ń lọ. Mi ò kàn mọ ọjọ́ tó máa débẹ̀."

"Ìyẹn ò bà ẹ́ lẹ́rù?"

"Ó ń bà mí lẹ́rù gan-an. Nítorí ẹ̀ ni mo ṣe ń wọ omi láràárọ̀."

Fẹlifẹli di ọwọ́ ẹ̀ mú. Ọwọ́ náà tutù bí omi odò. Ìgbà yẹn ló mọ̀ pé òun ò ní lè fẹ́ ẹlòmíì mọ́ láyé òun.

Ó wá mú un lọ sílé, kó lọ mọ ìyá òun. Gbogbo àdúgbò ló mọ Ìyá Oníbúrẹ́dì, opó ni, alágbára obìnrin tó ń po fúláwà bí ẹni ń bá ọ̀tá jà. Inú ilé tó wà ní bèbè odò, níbi tí ọkọ ẹ̀ ti fi bíríkì mọ ààrò ńlá fún un, ló ń gbé tó sì ti ń ṣiṣẹ́. Ó rí ọmọbìnrin náà lókèèrè, ó ti ń rẹ́rìn-ín, ó ti ń nu àga.

"Ẹ káàsán o, Màmá," ni Bóyá wí, ó sì kúnlẹ̀.

Ẹ̀rín Màmá gbẹ. "Tún un sọ."

"Ẹ káàsán, Màmá."

"Yéè! Ohùn ẹ̀ rèé! Ohùn inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn! Ìwọ lo ba fúláwà mi jẹ́!"

Ó yẹ kí n ṣàlàyé. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí Fẹlifẹli lọ ṣiṣẹ́ oṣù díẹ̀ nílùú míì, mọ́tò ọ́fíìsì odò gba àdúgbò náà kọjá, ohùn obìnrin kan sì ń jáde nínú ẹ̀rọ pé bóyá omi á wọlé, kí wọ́n kẹ́rù lọ sókè. Ìyá Oníbúrẹ́dì ló kọ́kọ́ gbọ́ràn. Ó kó gbogbo àpò fúláwà ẹ̀ lọ sí àgbàlá àbúrò ẹ̀ lórí òkè, ó tò wọ́n sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi tapólì bò wọ́n. Omi ò wọlé nísàlẹ̀. Òjò orí òkè ló gba abẹ́ tapólì wọlé, gbogbo fúláwà di lẹ́ẹ̀. Omi tí Màmá ń sá fún nílé, orí òkè ló ti lọ pàdé ẹ̀. Títí ọdún fi parí ni wọ́n ń fi í rẹ́rìn-ín.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," Bóyá ń bẹ̀bẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀. "Mo ní omi lè wọlé ni. Mi ò ní dandan ni."

"Kí ni ìyàtọ̀ ẹ̀ lójú ẹni tí fúláwà ẹ̀ bà jẹ́? Obìnrin tí ò lè sọ bẹ́ẹ̀ ni, tí ò lè sọ bẹ́ẹ̀ kọ́! Tó bá dọjọ́ ìgbéyàwó, ṣé bóyá náà lo máa wí? Ọmọ mi ò ní fẹ́ ẹ. Ó tán."

Fẹlifẹli bẹ̀ ẹ́ títí. Màmá ò gbọ́. Àwọn méjèèjì wá ń pàdé lórí afárá bí ẹni jalè.

Nígbà tó yá, àkókò òjò dé. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni òjò ń dà bí ẹni ń da omi garawa ní òkè odò, omi sì ń gun ọ̀pá Bóyá. Ó ṣírò, ó tún un ṣírò, kó tó wọ mọ́tò. Ohun tó sọ fáwọn ará àdúgbò ni pé tí irú òjò yìí bá rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, omi á wọlé wọn tó ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Àwọn èèyàn pòṣé. Ìyá Oníbúrẹ́dì fa àga sí iwájú ààrò, ó jókòó. "Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni kò ní wọlé nìyẹn. Mi ò kúrò níbí."

Fẹlifẹli sáré wọ ọ́fíìsì odò, omi ń kán lára ẹ̀.

"Wá bá mi bá Màmá sọ̀rọ̀. Sọ fún wọn pé dandan ni. Tí wọ́n bá gbọ́ dandan, wọ́n á lọ."

"Mi ò mọ̀ pé dandan ni."

"Purọ́ nígbà náà! Irọ́ kan péré!"

"Tí mo bá purọ́ lónìí tí omi ò wá, ta ló máa dá mi lóhùn lọ́dún tó ń bọ̀? Ṣé Màmá nìkan ló ń gbé létí odò ni?"

"Ìyá mi lè bá omi lọ!"

"Mo mọ̀, olólùfẹ́ mi." Omi ti lé ró sójú ẹ̀. "Mo mọ̀."

"O ò mọ̀! Ká ní o mọ̀ ni, o ò ní máa ṣírò lé ìyá mi lórí. Ìfẹ́ tí o ní sí mi náà ńkọ́? Ìdá mélòó nínú mẹ́wàá ni?"

Ó dún un bó ṣe sọ ọ́ tán, ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, ó ti bọ́, ó ti fọ́. Ó jáde sínú òjò.

Bóyá sunkún. Ẹ má gbà á gbọ́ tẹ́nì kan bá ní kò sunkún. Nígbà tó sunkún tán, ó nu ojú, ó wọ bàtà òjò, ó sì gba ilé Ìyá Oníbúrẹ́dì lọ.

Màmá ń po ìyẹ̀fun. "O tún ti dé. Ṣé o wá sọ fún mi pé omi máa wọlé ni?"

"Rárá, Màmá. Mi ò mọ̀ bóyá ó máa wọlé. Ìbéèrè kan ni mo gbé wá. Ṣé ẹ gbà pé iná máa jó ilé yìí lónìí?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Kí lo ń fẹnu ẹ sọ yẹn?"

"Kí ló wá dé tí garawa yanrìn fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò?"

Màmá yíjú sí ẹ̀gbẹ́ ààrò. Ó wo garawa náà, ó wo ọmọbìnrin yìí. "Ọmọ yìí lórí kunkun o," ló wí, ṣùgbọ́n ohùn ẹ̀ ti rọ̀.

"Màmá, ohun tó máa bà jẹ́ tí a ò ní rí irú ẹ̀ mọ́, kí ni? Ìyẹn ni ká kọ́kọ́ gbé."

Màmá nu ọwọ́ mọ́ ìró ẹ̀. Ó ṣí ìkòkò kan tó wà lórí pẹpẹ. "Ìwúkàrà yìí ni. Ọkọ mi ló pò ó lọ́sẹ̀ tí a fẹ́ra wa. Láti ìgbà náà, bí mo bá po tòní, mo máa ń yọ díẹ̀ sílẹ̀ fún tọ̀la. Ọwọ́ ẹ̀ ṣì wà nínú gbogbo búrẹ́dì tí mò ń tà." Ojú ẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀. "Tí mo bá kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò yìí, ó dà bíi pé mo fi í sílẹ̀ níbí."

Bóyá ò sọ ọ̀rọ̀ ìwé kankan. Ó kàn fọwọ́ kan èjìká ẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká jọ gbé e lọ. Fúláwà náà, orí pákó la máa tò ó sí, nínú yàrá. Lọ́dún tó kọjá, mo ní kẹ́ ẹ gbẹ́rù, mi ò bi yín ibi tẹ́ ẹ fẹ́ gbé e sí. Ẹ má bínú."

Nígbà tí Fẹlifẹli wọlé, ìyá ẹ̀ ti gbé ìkòkò mọ́ àyà, Bóyá sì ń bá àpò fúláwà jà lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìfẹ́ mi, má bínú," ló wí. "Ọ̀rọ̀ tí mo sọ yẹn..."

"Mo bínú. Gbé ìdí àpò yìí."

Òjò tó rọ̀ ló pa ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìyẹ. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ gun òkè lọ, ẹsẹ̀ wọn ń yọ̀ nínú ẹrẹ̀, wọ́n ń ti ara wọn, Màmá ń kígbe pé kí wọ́n má jẹ̀ẹ́ kí ìkòkò òun fọ́.

Omi gòkè dé ẹnu àdúgbò, ó dúró síbẹ̀ bí àlejò tí wọn ò tíì ní kó wọlé, ó sì padà. Kò wọ ilé kankan. Nígbà tí Màmá ń bọ̀ wálé, àwọn kan ti jókòó dè é. "Ìyá Oníbúrẹ́dì, ẹ tún ti sáré lásán!" Fẹlifẹli rò pé ìjà máa bẹ́.

"Lásán báwo?" Màmá dáhùn. "Ẹni tó da omi síwájú ló máa tẹ ilẹ̀ tútù. Mo lọ sùn lọ́dọ̀ àbúrò mi, mo padà wálé, fúláwà mi gbẹ. Èwo ló wá dùn yín nínú ẹ̀?"

Ṣùgbọ́n ó lọ sí ẹnu àdúgbò, ó wo ibi tí ẹrẹ̀ dé. Ó ránṣẹ́ pe Bóyá.

"Ṣé ó máa tún wá?"

"Mi ò lè sọ ọdún tó máa jẹ́, Màmá. Ṣùgbọ́n tẹ́lẹ̀, èèyàn lè dàgbà kó tó rí i tó gòkè tó báyìí. Kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ mọ́."

Màmá mi orí. Ó yíjú wo orí òkè, níbi tí ilé àbúrò ẹ̀ wà.

Nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, ó mú àwọn méjèèjì lọ sórí òkè, síbi ilẹ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àbúrò ẹ̀. Ó kó èèkàn dání, ó ń rìn, ó ń gún un mọ́lẹ̀.

"Ibí ni ààrò tuntun. Bíríkì ti bàbá ẹ la máa tú wá. Ibí ni fúláwà. Yàrá tèmi rèé. Ẹ̀yin méjèèjì, ọ̀hún yẹn ni tiyín, èéfín ò ní máa yọ yín lẹ́nu níbẹ̀."

Fẹlifẹli họ orí. "Màmá, mi ò tíì bi í o."

"Kí wá lò ń dúró dè? Ẹsẹ̀ ń dùn mí."

Fẹlifẹli yíjú sí Bóyá. Gbogbo àwàdà ẹnu ẹ̀ ti sá lọ. "Mo nífẹ̀ẹ́ ẹ. Jọ̀ọ́, fẹ́ mi."

Bóyá wo odò nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ó ń tàn nínú oòrùn bí ohun tí ò mọ nǹkan kan. "Tí òjò bá ti dé, odò ló máa gbà mí lọ́wọ́ ẹ. Ìgbà míì á wà tí mi ò ní wálé."

"Màá gbé búrẹ́dì wá bá ẹ níbẹ̀."

"Ẹ̀rù ń bà mí, Fẹlifẹli. Mi ò lè ṣe onídùúró fún odò yẹn. Mi ò mọ bí ayé tí a máa bí ọmọ sí ṣe máa rí." Ó mú ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì. "Ṣùgbọ́n èmi ni mo ni ara mi. Mo ṣe onídùúró fún ara mi. Màá fẹ́ ẹ."

Fẹlifẹli gbá a mọ́ra. Màmá ti kẹ̀yìn sí wọn, ó ń fi etí ìró nu ojú. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa èèkàn yàrá wọn tu, ó gbé ẹsẹ̀ gbọ̀ọ̀rọ̀ síwájú, ó sì tún un gún síbẹ̀, kí yàrá náà lè gba ọmọ.