Ẹ̀jẹ̀ Ríru Kì í Ṣe Ẹ̀jẹ̀ Púpọ̀

Lọ́dún tí epo mọ́tò di ohun àwátì, Jàrátù ará Agbamu àti Suliat, ìyàwó ọmọ rẹ̀, jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Oyún Suliat ti wọ oṣù kẹjọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ wú, òrùka kò bọ́ mọ́ níka rẹ̀. Inú Jàrátù ń dùn ṣìnkìn.

"Ìbejì ni," ló ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá kí wọn. "Ẹ ò rí i bó ṣe ń sanra?"

Òótọ́ ni pé nọ́ọ̀sì ti sọ fún Suliat pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, kó tètè lọ sí ọsibítù ńlá ní Ọ̀mù-Àrán. Ṣùgbọ́n ohun tí Jàrátù gbọ́ ni pé ẹ̀jẹ̀ pọ̀ jù lára rẹ̀. Ló bá kó oògùn tó ń fún un lẹ́jẹ̀ pamọ́, ó sì fòfin de ẹ̀fọ́ ṣọkọ. Lójú tirẹ̀, ó ti tún un ṣe. Ta ní tún ń wá dókítà kiri nígbà tí ọkọ̀ ò sí?

"Ìyá, orí ń fọ́ mi."

"Ọmọ méjì lo gbé. Orí á fọ́ ọ."

Nígbà tó ṣe, Jàrátù wo inú igbá, ó bú sẹ́rìn-ín. Èèpo ni Suliat ń kó síbẹ̀, ó ń da ẹ̀gúsí dànù.

"Ìyàwó mi, ṣé ewúrẹ́ lo fẹ́ sebẹ̀ fún ni?"

Suliat ò rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ojú mi ń ṣe bàìbàì. Mi ò rí i dáadáa."

Jàrátù figbe ta. Ó pe Eunice, agbẹ̀bí tó ń gbé ojúlé kejì. Eunice wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ Suliat, ó sì fajú ro.

"Ta ní ní kó má lọ sí Ọ̀mù-Àrán?"

"Èmi ni. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pọ̀..."

"Wọn ò ní ó pọ̀, Ìyá. Wọ́n ní ó ń ru. Ọ̀nà tó ń gbà ló fún. Afẹ́fẹ́ kan wà tí ara wa ń ṣe fúnra rẹ̀ nínú iṣan ẹ̀jẹ̀, náítíríìkì ọ́sáìdì lorúkọ rẹ̀. Òun ló ń jẹ́ kí iṣan dẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ rọ́nà dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Àwọn olùwádìí rí i pé nínú àìsàn yìí, iṣẹ́ rẹ̀ kì í tó mọ́. Iṣan á fún, ẹ̀jẹ̀ á máa fi tipátipá kọjá, bí omi inú rọ́bà tí èèyàn tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ebi á máa pa ọmọ nínú. Bí a bá jókòó síbí, gìrì lè mú ìyá rẹ̀, ó sì lè kú."

"Níbo ni wọ́n ti ń ta afẹ́fẹ́ ọ̀hún? Kí Àfísù ọmọ mi lọ rà á!"

"Wọn kì í tà á, Ìyá, àgbo ò sì lè dá a padà. Ọsibítù ló ní oògùn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ àti èyí tó ń dènà gìrì. Ọmọ bíbí ló ń yanjú ẹ̀. Dókítà ló mọ ìgbà tó yẹ."

Ni Jàrátù bá bọ́ sáàárín títì, ó dènà de ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù oníṣu, ó ní àfi kí wọ́n gba orí òun kọjá. Wọ́n já iṣu sílẹ̀, wọ́n gbé Suliat sẹ́yìn ọkọ̀, ó di ọsibítù Ọ̀mù-Àrán.

Àwọn dókítà gbẹ̀bí rẹ̀ kí oṣù rẹ̀ tó pé. Obìnrin kan ṣoṣo ni, ó kéré, ṣùgbọ́n ó ké. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, àwọn aládùúgbò ń fi Jàrátù ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìbejì dà?"

"Mo ṣáà ní méjì ni," ó dáhùn, omijé sì lé ròrò lójú rẹ̀. "Ìyá kan, ọmọ kan. Alihamudulilahi."

Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ gbọ́ o. Bí ojú tàbí ọwọ́ aboyún bá ṣàdédé wú, bí orí bá ń fọ́ ọ tí kò lọ, bí ojú rẹ̀ bá ń ṣe bàìbàì, tàbí bí òkè ikùn bá ń dùn ún, ọsibítù ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà. Ẹlòmíràn kì í tilẹ̀ rí àmì kankan, nítorí náà aboyún kò gbọdọ̀ pa ọjọ́ àyẹ̀wò ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ jẹ. Ẹ má dá oògùn rẹ̀ dúró fúnra yín. Kí ẹ tó ní ìbejì ni, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.