Bíríkìlà Tó Tú Iṣẹ́ Ara Rẹ̀

Ọjọ́ tí Torab bíríkìlà kọ́kọ́ gun òrùlé ilé-ẹ̀kọ́ tuntun tí àwọn dókítà yóò ti máa kọ́ nípa ibà ní ìlú Kàlìkátà, ní Íńdíà, ogójì obìnrin ló bá níbẹ̀. Wọ́n lóṣòó, wọ́n ń fi igi lu ẹfun àti bíríkì lílọ̀ kí òrùlé lè le. Dukhu, olórí wọn, ń dá orin, wọ́n ń gbè é. Àfi bí Taraban ọmọbìnrin rẹ̀ ṣe gba orin mọ́ bàbá lẹ́nu:

"Bíríkìlà onírunmú, ta ló bá ọ yà á?"

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Torab náà rẹ́rìn-ín, ìfẹ́ Taraban sì kó sí i lára lójú ẹsẹ̀.

Nígbà tó di oṣù kejì, ó lọ bá Dukhu láti tọrọ ọmọ rẹ̀.

"Ìwọ tó o wá láti ìlú Murshidabad lọ́hùn-ún? Bíríkìlà kì í gbé ilé tó bá kọ́. Iṣẹ́ á parí, wàá gbé ọmọ mi lọ síbi tí mi ò ti ní gbóhùn ẹ̀ mọ́."

"Bàbá, mo máa dúró síbí."

"Gbogbo yín lẹ máa ń sọ bẹ́ẹ̀."

Taraban tù ú nínú. "Olólùfẹ́ mi, má bá Bàbá jà. Ẹnu wọn ló le."

Dókítà òyìnbó ti kìlọ̀ pé omi kò gbọdọ̀ dúró lórí òrùlé náà, kí ẹ̀fọn má baà yé ẹyin sí i. Láàárọ̀ ọjọ́ tí iṣẹ́ fẹ́ parí, Torab da omi sí igun kan. Omi kọ̀, kò lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló wọn ibẹ̀. Ó mọ̀ pé Dukhu ò ní gbójú fo irú èyí. Síbẹ̀ ó pè é.

"Bàbá, èmi ni mo ṣì í wọ̀n. Ẹ jẹ́ ká tú u. Á gbà wá ní ọjọ́ mẹ́ta sí i."

"Ọjọ́ mẹ́ta!" ni àwọn obìnrin figbe ta. "Torab, apá irin la ní?"

Dukhu tẹjú mọ́ omi náà. "O mọ̀ pé mi ò tíì rí i?"

"Mo mọ̀, Bàbá."

"Kí ló dé tó ò panu mọ́?"

"Ìlú yìí ni mo fẹ́ máa gbé. Mi ò lè máa sá fún gbogbo òjò."

Dukhu ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Wọ́n tú igun náà, wọ́n da ẹfun tuntun sí i, igi sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Dukhu dá orin:

"Mo fọmọ mi fún bíríkìlà!"

Gbogbo wọn gbè é, àfi ẹnì kan.

"Taraban, ṣé ẹfun ti dì ọ́ lẹ́nu ni?" ni àwọn obìnrin bi í.

Taraban fi etí aṣọ nu omijé ayọ̀ lójú. Ó gbé orin sókè:

"Mo ti mú un kẹ́ ẹ tó fún mi!"

Àwọn obìnrin gbè é tẹ̀ríntẹ̀rín. Dukhu náà gbè é.